Ọ̀sẹ̀ méjì fún oníráìsì, ìṣẹ́jú márùn-ún fún tíṣà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ara wa la ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí.

Kí èmi akọ̀ròyìn yìí tó wọ yunifásítì, ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó de ìwé ìgbaniwọlé. Láàárín ọdún yẹn, iṣẹ́ méjì ni mo ṣe n'Ìbàdàn. Mo kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún oníbàárà nínú ọ̀kan lára àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tí wọ́n ti ń ta ráìsì, adìyẹ díndín àti mítípáì. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ kan dá sílẹ̀ sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ oúnjẹ kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan ṣíbí tí wọ́n fi ń bu ráìsì. Ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi sọ mí di tíṣà. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n bi mí: ṣé mo yege nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ṣé mo sì ti di àtúnbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni wọ́n bá fa ṣọ́ọ̀kì àti pàṣán lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sí kíláàsì karùn-ún.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Kí ló dé tí a fi ń ṣọ́ ẹni tó ń bọ́ ikùn ọmọ wa ju ẹni tó ń bọ́ orí rẹ̀ lọ?

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nídìí ráìsì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọlọ́pọlọ pípé nìkan ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ nílé oúnjẹ ìgbàlódé. Oníwèé mẹ́wàá bíi tèmi ló pọ̀ jù nínú wa. Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà já gaara ni pé àwọn tó ni ín ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń kọ́ èèyàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ká tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ara, ká sì mú ìwé ẹ̀rí wá pé kò sí àrùn tí a lè kó ran ẹni tó ń jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ la fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sọ. A ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, a ó fọ abẹ́ èékánná, bí a bá sì fọwọ́ kan owó tàbí imú, a ó tún un fọ̀. Ọ̀bẹ tí a fi gé ẹran tútù kò gbọ́dọ̀ kan ẹran tó ti jinná. Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lókè ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó bá sì ti jinná kò gbọ́dọ̀ wà lásán síta ju wákàtí méjì lọ. Àwọn òfin yìí kì í ṣe àdábọwọ́ ọ̀gá wa. Wọ́n wà nínú ìlànà márùn-ún lórí oúnjẹ tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2001.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n dúró ti ọmọbìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí n máa wò ó. Nígbà tó yá, mo ń ṣe é, òun ló ń wò mí. Lọ́jọ́ kan, mo to mítípáì tuntun síwájú èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa pè mí sẹ́yìn, ó ṣàlàyé pé èyí tó kọ́kọ́ dé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, ó sì ní kí n tún un tò lójú òun. N kò ṣe àṣìṣe náà mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ló ń mú wọn ṣe gbogbo èyí. Wọ́n mọ̀ pé oníbàárà tó bá rí irun nínú ráìsì yóò pariwo, àti pé wolé-wolé lè yọjú nígbàkigbà. Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn olówò oúnjẹ ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lowó. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ McDonald's dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1961 láti máa kọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé oúnjẹ wọn. Ní tiwa níhìn-ín, láti ọdún 1986 tí Mr Bigg's ti dé ìgboro Èkó, aṣọ kan náà, fìlà kan náà àti ìkíni kan náà ni a mọ àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sí.

Ìdáhùn tó tọ́, ẹgba méjì

Ẹ jẹ́ ká wá wo kíláàsì karùn-ún tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀, mo kọ ìṣirò kan sójú pátákó: 2 + 3 × 4. Mo ti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé apá òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀, pé méjì àti mẹ́ta jẹ́ márùn-ún, márùn-ún lọ́nà mẹ́rin sì jẹ́ ogún. Gbogbo wọn kọ ogún, àfi ọmọkùnrin kan tó kọ mẹ́rìnlá. Mo bi í léèrè, ó ní bàbá àgbà òun ló ní ìsọdipúpọ̀ ló máa ń ṣíwájú ìròpọ̀. Lójú tèmi, ìgbéraga ni. Mo nà án lẹ́gba méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó mú ìwé ọmọ náà dání.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú sí mi díẹ̀."

Níwájú àwọn ọmọ, "ẹ" ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a dé abẹ́ igi máńgòrò ló tó pè mí lọ́mọ.

"Ọmọ mi, bí mo bá ní náírà méjì lápò, tí o wá fún mi ní náírà mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta, èló ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Náírà mẹ́rìnlá ni, sà."

Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ìwé náà, ó sì tẹ́ ẹ síwájú mi. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mo ṣe: mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó kọ ohun tó tọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ bàbá. Ó ní kí n dìde, ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé. Mo ní kò sí.

Ó ní òun náà ti ṣe tíṣà rí, tíṣà Grade Two láyé àtijọ́. Ó ní kí wọ́n tó gbà á láyè láti dá dúró níwájú ọmọ, olùkọ́ àgbà kan máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti bíírò, yóò máa kọ gbogbo àṣìṣe òun sílẹ̀. Tí ilé ìwé bá tú, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo padà wọlé, mo tún ìṣirò náà ṣe lójú pátákó, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ mo ń rò ó títí dòní pé bí kò bá sí bàbá àgbà yẹn ńkọ́? Àwọn ọmọ yòókù nínú kíláàsì náà kò ní bàbá àgbà tó ṣe tíṣà. Ogún tí mo kọ́ wọn ni wọn ì bá gbé lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ nìyí. Ráìsì tó bà jẹ́ kò ní ju ọjọ́ kan lọ tí yóò fi máa rùn. Ẹ̀kọ́ tó bà jẹ́ kì í rùn. Ó lè tó ogún ọdún kí ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n ti bu èyí tó ti kan fún òun.

Àwọn àgbà ẹ̀sìn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ẹlẹ́sìn gan-an ló kọ́kọ́ mọ̀ nílẹ̀ yìí pé a gbọ́dọ̀ kọ́ olùkọ́ kó tó kọ́ni. Ìjọ C.M.S. ló dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1896. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1905. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ló bí àìmọye tíṣà tí orúkọ wọn kò parẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn lọ́dún 1955, ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ fi kún iye ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé kíláàsì láìsí tíṣà gidi, ahéré lásán ni.

Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí. Sheikh Adam Abdullah al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége lọ́dún 1955. Ó pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì, ó fi pátákó, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí kún kéwú. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ló lọ ṣí ilé kéwú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé kéwú ló tọ ọ̀nà yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lo ọdún mẹ́rin nílé kéwú. Ó lè ka àwọn súrà kéékèèké láìwòwé, ohùn rẹ̀ a sì máa dùn. Àmọ́ bí a bá ṣí ojú ewé tí kò tíì há sórí fún un, kò lè ka ìlà kan. Àfáà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Òun nìkan ló ń bójú tó ọmọ tó lé ní ogójì, ẹni tó wà lórí alífù àti ẹni tó ti fẹ́ ṣe wólímọ̀, lórí ẹní kan náà. Mímọ kéwú yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń fi kéwú kọ́ni.

Wolé-wolé kò dé ibẹ̀

Òfin wà nílẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ìwé ẹ̀rí NCE, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta kà, ni ó kéré jù fún olùkọ́. Òfin ọdún 1993 ló dá TRCN sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kéwú abẹ́ igi àti kíláàsì inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń dé ibẹ̀? Wolé-wolé a máa yẹ ìkòkò ìyá olóúnjẹ wò. Kò sí ẹni tó ń yẹ pátákó tèmi wò.

Àwa òbí gan-an kì í bèèrè. Bí adìyẹ kò bá jinná, a ó dá a padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àfáà padà? Ta ni yóò bi ìyàwó pásítọ̀ léèrè ìwé ẹ̀rí? A rò pé ìbéèrè jẹ́ àrífín sí Ọlọ́run. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, fídíò kan tàn ká láti ilé kéwú kan ní Ganmo, lẹ́bàá Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni na ejò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dá sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, lára àwọn òbí ni wọ́n sọ pé àwọn fọwọ́ sí i.

Ká sọ òótọ́, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ nìkan. Àfáà tó jẹ́ pé owó táṣẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ àti sàráà ló fi ń gbọ́ bùkátà, níbo ni yóò ti rí owó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i? Owó oṣù tí mo gbà nídìí tíṣà kò tó èyí tí mo gbà nídìí ráìsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan ń gbìyànjú. Àwọn ìjọ kan wà tó máa ń kó àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi jọ ṣáájú ọjọ́ Àìkú láti jọ yẹ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà wò. Ìyẹn dára púpọ̀.

A kò sọ pé kíkọ́ ọmọ àti bíbu ráìsì jẹ́ ọgba. Iṣẹ́ tíṣà le jù ú lọ fíìfíì, nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní orí tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí ẹ̀kọ́ tíṣà pọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, nílùú àti lábúlé, bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè ohun mẹ́rin. Níbo ni olùkọ́ yìí ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni? Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló ń wo iṣẹ́ rẹ̀? Kí ni ó máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ṣì í? Bí ọmọ bá sì ti dé láti ilé kéwú, ẹ ṣí ojú ewé tí kò há sórí, kí ẹ ní kó kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà rí, ilé ìwé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín nílò yín. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kọ́ ní ìkọ́kúkọ́ ńkọ́? Òun náà yóò tà á, kò sì ní mọ iye tó yẹ kó tà á.