Ìsínjẹ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Láti Ilé Àtìpa dé Ọ̀fà Garage

Ìfáárà

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá láti ìgbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní ọdún 1969. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní ọdún 1971. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ọ̀pọ̀ ìwé nínú ẹ̀yà yìí, Owó Ẹ̀jẹ̀ (1976) sì wà lára wọn. Bí ẹ̀yà ìtàn náà ṣe ti òkè òkun wọlé ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń tọ́ka sí. Ìbéèrè nípa ẹ̀rín kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ṣé Yorùbá ní iṣẹ́ tí ó ń sín ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ?

Ẹni tí ó bá ń sín èèyàn jẹ yóò mú ohùn rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀, yóò sì bù mọ́ ọn díẹ̀, kí àwọn tí ó mọ olúwarẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé ilé àtìpa ni ìsínjẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ilẹ̀ òyìnbó dojú kọ, ṣùgbọ́n nínú ìtàn Yorùbá, inú olú-ẹ̀dá-ìtàn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin ni àpilẹ̀kọ náà fi ṣe òṣùwọ̀n.

Òfin eré inú ilé àtìpa

Ní ọdún 1929, Ronald Knox, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, to òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Lára wọn ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí òǹkàwé ti bá pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọdọ̀ rí ẹ̀rí kí ó fi í pamọ́ fún òǹkàwé. Agbára àìrí kò sì gbọdọ̀ tú àdììtú ìtàn. Ohun tí ó so àwọn òfin wọ̀nyí pọ̀ ni pé eré ìdíje ni ìtàn náà, òǹkàwé àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní àǹfààní kan náà. Ilé ńlá tí ó jìnnà sí ìgboro ni ó bá irú eré yìí mu jù lọ. Afurasí ibẹ̀ kò pọ̀, kò sí ẹni tí yóò wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò jáde.

Ilé bẹ́ẹ̀ ni fíìmù apanilẹ́rìn-ín Murder by Death fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí Owó Ẹ̀jẹ̀ jáde. Neil Simon ni ó kọ ọ́, Robert Moore sì ni olùdarí. Ọlọ́rọ̀ kan, Lionel Twain, pe àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ olókìkí wá jẹun alẹ́, ó sì fi mílíọ̀nù kan dọ́là ta wọ́n pé ìpànìyàn yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, àti pé òun nìkan ni yóò mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òǹkàwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ní dá mọ̀. Milo Perrier ni Poirot, Jessica Marbles ni Miss Marple, àwọn méjèèjì tí Agatha Christie dá. Sam Diamond ni Sam Spade tí Dashiell Hammett dá. Afọ́jú ni ìránṣẹ́ ilé náà, adití tí kò lè sọ̀rọ̀ sì ni alásè. Tí ìránṣẹ́ bá ń fi ẹnu pàṣẹ fún alásè, òfo ni.

Ní ìparí, Twain bá àwọn àlejò rẹ̀ wí: wọ́n ti ń fi ẹ̀rí pamọ́ fún òǹkàwé láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń mú ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ inú ìtàn ní ojú ìwé tí ó kẹ́yìn. Ẹ̀sùn yìí bá òfin Knox mu wẹ́kú. Síbẹ̀ fíìmù náà ṣe ohun tí ó ń bá wọn wí. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, ìbòjú tún ṣí kúrò lójú Twain fúnra rẹ̀, alásè adití ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí fíìmù náà ṣe rú òfin fún òǹwòran gan-an ni ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Ta ni à ń sín jẹ?

Ìsínjẹ kì í ṣe àjèjì nínú eré Yorùbá. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton wo eré eégún ní Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú àtijọ́ tí ahoro rẹ̀ wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ìlọrin. Lára ohun tí ó rí ni eégún tí ń sín òyìnbó jẹ: ó ń fín áṣáà, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àlejò tí ó ní agbára ni wọ́n sín jẹ, ó sì jókòó níbẹ̀, ó ń wò ó.

Murder by Death kò dúró sí ipò yẹn nígbà gbogbo. Nínú fíìmù náà, Peter Sellers, tí í ṣe òyìnbó, ni ó ṣe Sidney Wang, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Ṣáínà tí wọ́n fi sín Charlie Chan jẹ. Ìsínjẹ yẹn bọ́ lára àṣà ìtàn, ó sì bọ́ sára ẹ̀yà àwọn èèyàn kan. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ẹ̀rín dojú kọ ni ó ń fi ìwà ẹ̀fẹ̀ hàn.

Lápàdé kò nílò Twain

Ìbàdàn ni Lápàdé ti Òkédìjí ń gbé. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ń dá ṣe ìwádìí tirẹ̀. Tàfá Ìgírípá tí ń ràn án lọ́wọ́ kì í ṣe ọmọlúàbí tí kò ní àbàwọ́n. Kò sí ilé àtìpa: ojú títì, inú ọkọ̀ àti ìgboro ni ìtàn ti ń rìn. Òwe àti ọ̀rọ̀ àwàdà kún ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn, èyí sì ń jẹ́ kí òǹkàwé máa rẹ́rìn-ín bí ẹ̀rù ti ń bà á.

Nítorí náà, Òkédìjí kò dúró de ẹni tí yóò wá sín ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ jẹ. Ó dá a tòun ti àléébù rẹ̀. Ọ̀gbọ́n Poirot ga ju ti gbogbo ẹni tí ó yí i ká lọ. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti já a kúlẹ̀. Lápàdé wà láàárín àwọn èèyàn, wọ́n ń bá a jiyàn, wọ́n sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó ń wá ìsínjẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Yorùbá, tí ó sì ń wá ilé ńlá pẹ̀lú afurasí mẹ́wàá, yóò wá a tì.

Bí ó bá jẹ́ Ọ̀fà Garage ńkọ́?

Ọ̀fà Garage jẹ́ àdúgbò kan ní Ìlọrin tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ibùdókọ̀ àwọn tí ń lọ sí Ọ̀fà. Kí a ní òǹkọ̀wé eré kan fẹ́ gbé ìsínjẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀, tí àpò èrò kan sì sọnù. Òfin Knox yóò dàrú lójú ẹsẹ̀. Afurasí kò níye, ọkọ̀ tí ó ti kún yóò sì gbéra kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ní kí gbogbo afurasí péjọ, òǹwòran ni yóò pé: awakọ̀, agbèrò, olóúnjẹ àti ọlọ́kadà, kálukú pẹ̀lú àlàyé tirẹ̀ nípa ẹni tí ó jí àpò. Ẹ̀rí tí a fi pamọ́ ni ẹ̀fẹ̀ Murder by Death. Ní ibùdókọ̀, ẹ̀rí tí ó pọ̀ jù ni yóò jẹ́ ẹ̀fẹ̀.

Àmọ́ ewu wà nínú rẹ̀. Nínú ilé àtìpa, ẹni tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá fi ẹ̀sùn èké kàn yóò bínú, yóò sì tún jókòó. Ní àárín èrò, igbe "olè" lè yọrí sí ìlùpa kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ẹ̀rí. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ti sọ ohun tí Knox ń wá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dáàbò bò ju ìgbádùn òǹkàwé lọ: ẹ̀mí ẹni tí wọ́n fura sí ni. Ìsínjẹ tí ó bá gbọ́n yóò dojú ẹ̀rín kọ ìkánjú àwọn adájọ́ òjijì, kò ní dojú rẹ̀ kọ ẹni tí wọ́n mú.

Ìgúnlẹ̀

Ìsínjẹ kò lè pa ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ lẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó ti mọ Poirot àti Spade ni Neil Simon kọ̀wé fún. Bí àwọn ìwé Òkédìjí àti Akínlàdé bá kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò ní sí ẹni tí yóò dá Lápàdé mọ̀ nígbà tí aláwàdà bá mú ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún olùwádìí ni láti ka ẹ̀rín inú àwọn ìwé wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ara ìlànà ìtàn wọn, kí ó má fi wọ́n wé ilé ńlá tí Yorùbá kò kọ́ rárá.