Fọ́tò òṣùpá tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rí

Ó ti pẹ́ tí fọ́tò kan ti ń kiri láàárín àwa Mùsùlùmí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òṣùpá ni, kòtò gbọọrọ kan sì là á kọjá. Wọ́n ní àpá ibi tí òṣùpá ti là sí méjì lójú àwọn ará Mẹ́kà nìyẹn, bí ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú Súratul-Qamar ṣe sọ.

Fọ́tò náà kì í ṣe ayédèrú. Àwọn tó wọ Apollo 10 ní 1969 ló yà á. Rima Ariadaeus ni wọ́n ń pe kòtò náà, ó sì gùn ju kìlómítà 300 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí òṣùpá po yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 10,900. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló sán lójú ìlà méjì, tí èyí tó wà láàárín wọn sì rì. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí òṣùpá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀sìn kò béèrè fọ́tò yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim kó jọ sọ pé òṣùpá là. Kò sọ pé àpá yóò kù. Ọmọ tí a bá fi fọ́tò kọ́ ní ìgbàgbọ́ yóò ka ìwé nípa òṣùpá lọ́jọ́ kan, yóò sì rò pé Àlùkùráánì ló parọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwa ni.

Imam al-Ghazali, tó kú ní 1111, kò wá àpá kankan kí ó tó gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́. Ó ní iná kọ́ ló ń jó òwú: Ọlọ́hun ló ń dá jíjó náà nígbà tí iná bá kàn án, torí náà kò ṣòro fún Un láti dá a dúró fún Ànábì Ibrahim nígbà tí wọ́n jù ú sínú iná.

Ti òkun tó là fún Ànábì Musa náà ń kọ́? Ní 2010, Carl Drews àti Weiqing Han fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé atẹ́gùn ìlà oòrùn tó ń sáré bíi kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tó sì fẹ́ fún wákàtí 12, lè ti omi adágún kan nítòsí ẹnu odò Náílì sẹ́yìn, kí ilẹ̀ fara hàn fún wákàtí mẹ́rin. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì ni wọ́n ti mú atẹ́gùn náà. Súratush-Shu'ara, níbi tí Àlùkùráánì ti sọ ìtàn náà, kò dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pá ni Musa fi lu òkun. Ẹni tó bá wá ń fi ìwádìí yìí gbe Àlùkùráánì lẹ́yìn ń jẹ́rìí sí ìtàn tí Àlùkùráánì kò sọ bẹ́ẹ̀.