Ta ni yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún?

Kò nira fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ síra láti jọ jẹun ọdún. Ìrẹsì Kérésì á délé iṣẹ́, ẹran Iléyá náà á dé, tẹrú-tọmọ á sì jọ ya fọ́tò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́: ta ni yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá wà ní yídì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú arúgbó tọ̀sán-tòru, ìbéèrè yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 2023, ìdáhùn tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ sì yí padà.

Ẹni tó gbé ẹjọ́ náà lọ ni Gerald Groff, Kristẹni kan tó ń pín lẹ́tà ní ìgbèríko Pennsylvania. Groff gbà pé ìjọsìn àti ìsinmi nìkan ni ọjọ́ Àìkú wà fún. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní 2012, kò sí wàhálà, torí ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kì í sábà pín nǹkan lọ́jọ́ náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bá Amazon ṣàdéhùn pé àwọn yóò máa gbé ẹrù rẹ̀ fún oníbàárà lọ́jọ́ Àìkú. Groff kó lọ sí ẹ̀ka kékeré kan ní Holtwood. Ẹrù Amazon bá a débẹ̀. Àwọn mìíràn ní láti máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, títí kan ọ̀gá ẹ̀ka náà tí pínpín lẹ́tà kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Inú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò dùn. Ilé iṣẹ́ náà bá a wí léraléra, títí ó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2019, tó sì pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́.

Òfin tó gbé ara lé ti wà láti 1964, ó sì kan ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1972, wọ́n fi kún un pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ láyè láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, àfi bí èyí bá máa mú ìnira tó kọjá àlà bá iṣẹ́. Báwo ni ìnira náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ní 1977, nínú ẹjọ́ Larry Hardison, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú TWA tó ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ kí àwọn adájọ́ máa gbà pé ìnáwó tó bá ti ju bíńtín lọ ti tó láti kọ̀. Ẹni tó ń ṣọdún Kérésì kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ọlidé 11 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní, Kérésì nìkan ló sì jẹ́ ọdún ẹ̀sìn nínú wọn. Onísábáàtì, Júù àti Mùsùlùmí ló ń tọrọ àyè lọ́dọọdún.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2023, adájọ́ mẹ́sàn-án fẹnu kò. Agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìnáwó tàbí ìdíwọ́ náà pọ̀ gan-an, bí a bá wo bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó àti irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹlẹgbẹ́ ẹni bá kórìíra ẹ̀sìn ẹni, ìyẹn kì í ṣe ìnira tí òfin mọ̀. Kò sì tó kí ọ̀gá kọ ọ̀nà kan kó jókòó. Ó gbọ́dọ̀ wo àwọn ọ̀nà mìíràn, bíi kí òṣìṣẹ́ méjì pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Wọn ò sọ pé Groff jàre o. Wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ padà sílé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tuntun yìí tún un gbé yẹ̀ wò.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe ńkọ́? Òfin náà kò yọ wọ́n sílẹ̀. Ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kan náà fagi lé òfin tí ìlú Hialeah ní Florida ṣe láti dí ẹbọ rírú lọ́wọ́, nínú ẹjọ́ tí ìjọ Lukumi Babalu Aye pè, àwọn olórìṣà tí ẹ̀sìn wọn gba Cuba dé Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ yẹn kò kan ibi iṣẹ́, àmọ́ ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀sìn ni ẹ̀sìn òrìṣà. Nítorí náà, ìyàwó òrìṣà tó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ funfun fún ọdún kan lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ̀gá rẹ̀ nípa yunifọ́ọ̀mù, ọ̀gá náà ò sì gbọ́dọ̀ fi rẹ́rìn-ín.

Nílé ní Nàìjíríà, ìjọba ló ń kéde ọlidé fún Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, kò sí nínú ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun àti Èkó ló ń fún òṣìṣẹ́ wọn nísinmi. Ṣùgbọ́n ọsibítù kì í ti ilẹ̀kùn. Kristẹni á dúró lọ́jọ́ Iléyá, Mùsùlùmí á dúró lọ́jọ́ Kérésì, kò sì sí adájọ́ tó kọ́ wọn. Mi ò mọ àpẹẹrẹ tó dára ju èyí lọ.

Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà lè béèrè irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tètè fi ránṣẹ́, kó dárúkọ ẹni tó gbà láti bá a dúró, kó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọdún Mùsùlùmí ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ sì ń dúró kí oṣù lé kí wọ́n tó mọ ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ gan-an. Ọjọ́ méjì ni kó béèrè, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kó sì dá ọ̀kan padà bí oṣù bá ti lé.