Aṣọ Ara Kọ́ Ni Àpò Owó

Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń ra ọkọ̀ àti àwọn tí ń tà á

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó ti ilé rẹ̀ jáde rí tí kò tíì rí ìmúṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé, "Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá." Ní àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí wà, èyíinì ni bí àwọn tí ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń wo oníbàárà láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọn a sì ti dá a lẹ́jọ́ kí ó tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Ìkọ̀yà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àti ní àwọn ìletò tí ó yí Òkìtìpupa ká, epo pupa, gàrí àti púpurú ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n sì fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe epo, epo kò lè ṣàìta sí i láṣọ. Ẹni tí ó bá sì ń yan púpurú lórí iná, òórùn èéfín kò lè ṣàìbá a rìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó nílò ọkọ̀ jù, nítorí pé ẹrù oko kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà. Nígbà tí owó bá sì pé, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni yóò gbà, láti ibẹ̀ ni yóò ti yà sí apá Èkó tàbí sí apá Ìbíní, nítorí pé ní àwọn ìlú ńlá wọ̀nyí ni a ti ń rí ọgbà ọkọ̀ tí ó kún dáadáa, tí ènìyàn lè ṣa èyí tí ó wù ú.

Nígbà tí ó bá dé ẹnu ọgbà náà, kí ni a ń wò lára rẹ̀? A ń wo bàtà rẹ̀. A ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bóyá aago wà níbẹ̀. A ń wo ohun tí ó gbé e wá, bóyá ọkọ̀ ara rẹ̀ ni tàbí ọ̀kadà. A ń fetí sí ohùn rẹ̀, bóyá ohùn ìlú ńlá ni tàbí ohùn ará oko. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, a ti fi í sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí kò ní owó, ẹni tí ó ní owó tí ó sì mọ ọjà, àti ẹni tí ó ní owó ṣùgbọ́n tí kò mọ ọjà. Ẹni èkínní, a kò ní dá a lóhùn. Ẹni èkejì, a ó bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni ẹ̀kẹta, a ó rẹ́ ẹ jẹ.

ÀGBẸ̀ KAN NÍ ÍŃDÍÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àgbẹ̀ kan ní agbègbè Tumakuru, ní ìpínlẹ̀ Karnataka ní ilẹ̀ Íńdíà, lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ilé ìtajà kan tí ń ta ọkọ̀ Mahindra. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń pè ní Bolero ni ó fẹ́ rà. Gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ náà ti ròyìn, ẹni tí ń tajà níbẹ̀ wo ìmúra wọn, ó sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò ní rúpì mẹ́wàá ní àpò ni ó ń béèrè ọkọ̀ tí iye rẹ̀ tó 1,000,000 rúpì. Ó tilẹ̀ pè wọ́n níjà pé bí wọ́n bá lè mú owó náà wá ní kíákíá, òun yóò fi ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi padà dé pẹ̀lú owó náà. Nígbà náà ni ó wá hàn pé ilé ìtajà náà kò lè fún wọn ní ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Àríyànjiyàn dìde, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá, ìròyìn rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé. Kí oṣù náà tó parí, ilé-iṣẹ́ Mahindra tọrọ àforíjì ní gbangba, a sì fi ọkọ̀ náà lé àgbẹ̀ náà lọ́wọ́. Alága wọn, Anand Mahindra, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé bíbọ̀wọ̀ fún iyì olúkúlùkù ènìyàn wà nínú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn.

Ẹ kíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí. Ọkọ̀ tí a fi ń kó irè oko ni a ń tà níbẹ̀. Ta ni ó yẹ kí ó wá rà á, bí kò ṣe àgbẹ̀? Ìmúra tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ẹni tí ń tajà mọ̀ pé oníbàárà òun gan-an ni ó dé yìí, òun náà ni ó fi lé e.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń ṢE BẸ́Ẹ̀

A kò wí èyí láti sọ gbogbo àwọn tí ń ta ọkọ̀ di ẹni ibi. Iṣẹ́ wọn kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í gba owó oṣù tí ó tó jẹun. Ìpín kan nínú owó ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ni wọ́n ń rí gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wọlé lóòjọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò rà. Àwọn kan wá wòran, àwọn mìíràn sì wá ya àwòrán ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ọjọ́ dá òǹwòran lóhùn yóò fi ebi sùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá àmì tí wọn yóò fi dá olówó mọ̀, aṣọ sì ni àmì tí ó súnmọ́ ojú jù lọ.

Ṣùgbọ́n àmì èké ni. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni aṣọ ń sọ, kì í sọ iye tí iṣẹ́ náà mú wá. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ; ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń ra aṣọ olówó iyebíye kí wọ́n tó jáde lọ lu ènìyàn ní jìbìtì. Ẹni tí ó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláṣọ iṣẹ́, tí ó sì ṣí i fún aláṣọ dídán, ó lè jẹ́ pé olówó ni ó tì sóde, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀bàyéjẹ́ ni ó gbà wọlé.

ÌDÁJỌ́ TÍ KÒ NÍ ARIWO

Ìwọ̀sí dun ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi wọ̀sí mọ̀ ní ojú ẹsẹ̀ pé a ti fi òun wọ̀sí. Ìdájọ́ mìíràn wà tí kì í pariwo, tí a fi ẹ̀rín àti omi tútù gbà ni lálejò, òun ni ó sì ń na ni ní owó jù. Ìdájọ́ iye owó ni.

Ní ọdún 1991, Ian Ayres, olùkọ́ ìmọ̀ òfin kan ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ó ti rán àwọn ọkùnrin àti obìnrin, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, lọ nájà ọkọ̀ tuntun ní ilé ìtajà 90 ní agbègbè Chicago; ìnájà tí wọ́n ṣe ju 180 lọ. Ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ẹ̀kọ́ wọn dọ́gba, ìmúra wọn bára mu, a sì ti kọ́ gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ kan náà tí wọn yóò máa sọ. Síbẹ̀, bí èrè tí a fẹ́ jẹ lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun bá jẹ́ 10, èyí tí a fẹ́ jẹ lórí obìnrin aláwọ̀ funfun jẹ́ 14. Ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju 20 lọ. Ti obìnrin aláwọ̀ dúdú sì ju 30 lọ. Ní ọdún 1995, òun àti Peter Siegelman tún gbé ìwádìí mìíràn jáde, tí ìnájà inú rẹ̀ ju 300 méjì-méjì lọ, wọ́n sì tún rí i pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni a ń dá iye tí ó kéré jù lọ fún.

Ohun ìyanu kan wà nínú ìwádìí àkọ́kọ́. A rí i pé a sábà máa ń darí oníbàárà sí ọ̀dọ̀ olùtajà tí àwọ̀ wọn jọra, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bákan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tirẹ̀ yìí gan-an ni iye owó ti ń le sí i. Èyí fi hàn wá pé kì í ṣe ìkórìíra nìkan ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Ẹni tí ń tajà ń méfò ni: ta ni kò mọ iye ọjà, ta ni yóò san án láìjiyàn.

NÍ Ọ̀DỌ̀ TIWA

Láàárín wa, àwọ̀ ara kọ́ ni a fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n a ní ohun mìíràn tí a ń wò. Obìnrin tí ó fi epo àti gàrí kó owó jọ dé ọgbà ọkọ̀, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ìyá, bàbá ńkọ́?" Bí awakọ̀ kan bá sì tẹ̀lé e, awakọ̀ náà ni a ó kọ ojú sí, tí a ó máa bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ẹni pé òun ni ó ni owó. Ẹni tí ó wọ agbádá ńlá náà kò bọ́: a ó fi àga fún un, a ó pè é ní ọ̀gá, lẹ́yìn náà a ó fi owó àga àti ti ọ̀gá lé iye ọkọ̀. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi ń bọ́ aago ọwọ́ sílẹ̀ ní ilé kí wọ́n tó lọ nájà tòkunbọ̀.

Gbòǹgbò ọ̀ràn náà kò jìnnà. Níbi tí a kò bá kọ iye owó sí ara ọjà, ara oníbàárà ni a ti ń kà á.

Àwọn baba ńlá wa sì mọ oògùn rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ní ọjà láti tà lẹ́bàá ọ̀nà lè pàtẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá yóò ka òkúta náà, yóò mú ọjà, yóò sì fi owó sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ọba àti ìwọ̀fà, iye kan náà ni wọ́n ń san, nítorí pé òkúta kò ní ojú tí yóò fi wo bàtà ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Àwọn onígbàgbọ́ tí a ń pè ní Quakers kọ̀ láti máa nájà; iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè, kí a lè rán ọmọdé lọ sí ọ̀dọ̀ wọn láìbẹ̀rù ìrẹ́jẹ. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ sá fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀, ọjà wọn tà ju ti ẹlòmíràn lọ. Nínú òwò ọkọ̀ pẹ̀lú, a ti dán an wò: láti ọdún 1990 ni a ti ń ta ọkọ̀ Saturn ní Amẹ́ríkà ní iye kan fún gbogbo ènìyàn láìsí ìnájà, títí ilé-iṣẹ́ General Motors tí ó ni ín fi pa á tì ní ọdún 2010.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn kedere, kí a má sì gbà ju iye tí a fi hàn lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún ní kí a jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bí ọjà náà bá jẹ́ àlòkù. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ẹ̀tọ́ yìí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, nítorí pé òfin tí ẹnìkan kò béèrè, inú ìwé ni í sùn sí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ

Èkínní, ẹ mọ iye ọkọ̀ kí ẹ tó fi ojú hàn. Ẹ béèrè lórí tẹlifóònù ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé tẹlifóònù kì í fi aṣọ hàn.

Èkejì, ẹ wọ aṣọ yín tí ó mọ́, ẹ má yá ti ẹlòmíràn wọ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn, ó sì tún lè fi kún iye ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú mẹ́káníìkì tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé dání, kí ó wo ọkọ̀ náà kí ẹ tó dá iye. Ẹ má sì sọ iye tí ó wà lọ́wọ́ yín, bí ó ti wù kí a fi ọ̀yàyà béèrè tó.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá fi yín wọ̀sí, ẹ má ra ọkọ̀ nítorí ìbínú, láti fi hàn pé ẹ lówó lọ́wọ́. Ọgbà mìíràn ń bẹ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé láti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kò yẹ kí ó máa wo àgbà láti orí dé ẹsẹ̀ ní ọjà. "Ẹ kú àbọ̀, bàbá" kò ná an ní kọ́bọ̀. Bí ó bá sì fi kún un pé, "Irú iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe, sà?", ìdáhùn tí yóò gbọ́ yóò sọ fún un ju ohun tí bàtà lè sọ lọ. Jákọ́bù Àpọ́sítélì, ní orí kejì ìwé rẹ̀, ti kìlọ̀ fún ìjọ nípa ọ̀ràn yìí gan-an, kí wọ́n má ṣe fi àga fún olóòrùka wúrà kí wọ́n sì ní kí aláṣọ èérí dúró.

Ẹni tí ó bá rí àbàwọ́n epo lára aṣọ ará Ìkọ̀yà, kí ó rántí pé a ti ta epo náà. Owó rẹ̀ wà níbìkan, ẹni tí ó bá sì kí i dáadáa ni yóò kó o fún.