Bíréèkì kì í ṣàdédé já

Ọ̀nà Kumasi kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá. Kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti fi ìlú náà ṣe ilé. Lọ́rì onípákó tí àwọn èèyàn ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà ló gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, òun náà ló sì gbé ọ̀pọ̀ wọn padà wálé. Bedford ni púpọ̀ nínú àwọn lọ́rì náà, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1931.

Ayé bọ̀lẹ̀kájà ti kọjá, ṣùgbọ́n ayé lọ́rì ògbólógbòó kò tíì kọjá. Ní àdúgbò bíi Santasi, ní Kumasi, níbi tí iléèwé Opoku Ware wà, ọkọ̀ akẹ́rù lè dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Bí ẹ́ńjìnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú sójú ọ̀nà, ìtìjú lásán ni. Èyí tó ń pani ni kí awakọ̀ tẹ bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ kọ̀ láti dúró, kí èrò ọjà sì wà níwájú. Wọ́n á ní bíréèkì ló já, bí ẹni pé kádàrá ni. Irọ́ ni. Kó tó já, yóò ti máa ránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló sì ń ránṣẹ́ sí.

Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, másítà yóò ti òróró bíréèkì gba inú páìpù lọ sí wíìlì sìlíńdà tó wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni yóò ti ṣúù méjì síta, kí láínì tó wà lára wọn lè fún mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù tó ń yí. Ìfúnmọ́ yìí ló ń dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló ń mú ooru wá.

Bí pẹ́dàlì bá wọlẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n tó gòkè tó sì le nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, láínì ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kì í tún èyí ṣe fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi òkúta há àwọn táyà yòókù, kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí wọ́n yí àjọ́sítà títí táyà yóò fi le, kí wọ́n wá dá a padà díẹ̀ títí yóò fi yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí pẹ́dàlì bá rọ̀ bíi kànrìnkàn, atẹ́gùn ló wọ páìpù, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á jáde. Bí ẹsẹ̀ bá dúró lórí rẹ̀ tó sì ń rì díẹ̀díẹ̀, òróró ń jò. Bí ìdí gbogbo táyà bá gbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà inú másítà ló ti jẹ.

Èyí tó ń tan awakọ̀ jẹ jù ni pẹ́dàlì tó le bí òkúta, síbẹ̀ tí ọkọ̀ kò dúró. Bóyá láínì ti dán bíi dígí, bóyá òróró tàbí gíríìsì ti ta sí i, bóyá sì ni sẹ́fò, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ẹ́ńjìnì ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ló kú. Ti sẹ́fò rọrùn láti mọ̀. Kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì, kó tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó di ẹsẹ̀ mú síbẹ̀, kó wá ṣíná. Bí pẹ́dàlì kò bá rẹlẹ̀ díẹ̀, sẹ́fò tàbí páìpù rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Kì í ṣe pé ọlọ́wọ́ iṣẹ́ kò sí. Suame Magazine wà ní apá àríwá Kumasi, ibùdó mẹkáníìkì tí ilé ìkóhun-ìjà-sí àtijọ́ fún lórúkọ. Lọ́dún 1972 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú náà dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti máa ran irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí ẹ̀ka rẹ̀ sí Suame lọ́dún 1980. Olówó ọkọ̀ gan-an ni wàhálà níbi gbogbo, ní Kumasi tàbí ní Ìbàdàn. Yóò ní kí wọ́n fi pẹtiróòlù fọ láínì tó ti mu òróró, bẹ́ẹ̀ ni òróró tó ti wọnú yóò tún yọ síta nígbà tí ooru bá mú un. Yóò ní kí wọ́n da òróró ẹ́ńjìnì sí másítà nítorí pé ó wà nílẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ yóò sì wú, yóò bàjẹ́. Yóò ní kí wọ́n tún dúrọ́ọ̀mù fá lẹ́ẹ̀kan sí i, títí yóò fi fẹ́lẹ́. Dúrọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í gba ooru. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù ni yóò gbòòrò, tí láínì kò ní í kàn án dáadáa mọ́. Àwọn awakọ̀ àgbà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti jíà kékeré bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá sì tú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ kò gbọdọ̀ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè pátápátá lọ́dún 1999 nítorí àrùn jẹjẹrẹ, lè wà nínú rẹ̀. Aṣọ tútù ni kó fi nù ún.

Bí àtúnṣe bá parí, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà láìkẹ́rù lọ sójú ọ̀nà tó dá, kí wọ́n rọra dúró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí awakọ̀ sì bọ́ sílẹ̀, kó sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá tutù láàárín wọn kò bá wọn ṣiṣẹ́, èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ni láínì rẹ̀ ń há.