Àpò Ìjọba àti Ìwádìí Àrùn: Bí NIH Ilẹ̀ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Pín Owó Ìmọ̀ Ìṣègùn

Àwọn baba wa tí wọ́n ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, ti jẹ́ ká mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ìwòsàn ní iye tí ń náni. Ohun tí òwe náà kò bá wa yanjú, tí ayé òde òní sì ń bi wá léèrè lójoojúmọ́, ni pé ta ni yóò mú owó náà sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá oògùn tí à ń wá tilẹ̀ wà rárá. Oníṣòwò kì í fẹ́ gúnyán sílẹ̀ de àlejò tí kò dájú pé yóò yà. Aláìsàn kò ní in, owó oṣù dókítà kò sì tó o. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tó mọ èrè ìmọ̀ fi gbà pé àpò ìjọba, tí í ṣe àpò gbogbo ará ìlú, ni ó yẹ kí ó ru ẹrù náà. Kò sì sí èyí tí ó ná tó Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ yìí, nítorí pé ní ọdún 2023 nìkan, ohun tí ìjọba wọn kó lé àjọ ìwádìí ìlera wọn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NIH, lọ́wọ́ ju bílíọ̀nù 45 dọ́là lọ.

Iyàrá kan ṣoṣo ni àjọ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1887, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn àlejò láti Yúróòpù wọ èbúté New York, tí ìbẹ̀rù àrùn onígbáméjì àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò sì jẹ́ kí àwọn aláṣẹ fojú kan oorun, ni wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan, Joseph Kinyoun, dá ilé àyẹ̀wò kékeré sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn àwọn atukọ̀ ní Staten Island. Òfin ọdún 1937 tí ó dá ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fàyè gbà á pé kí wọ́n máa pín owó fún àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ogun Hitler sì parí, tí gbogbo ayé ti rí ohun tí owó ìjọba àti ọgbọ́n yunifásítì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe lórí pẹnisílíìnì, wọ́n kó àwọn iṣẹ́ ìwádìí tí ogun bí fún NIH, ìyókù sì di ìtàn: mílíọ̀nù 8 dọ́là ni ìnáwó rẹ̀ ní 1947, ó ti kọjá bílíọ̀nù kan ní 1966. Lónìí, ilé ìwádìí àti ẹ̀ka 27 ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín owó náà ni mo kà sí agbára àjọ yìí, ju pípọ̀ owó lọ. Wọn a máa kéde ní gbangba irú ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí, wọn a sì tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún onímọ̀ tí ó bá ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́kàn. Yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí owó náà, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹni tó ni èrò bá ṣípò padà, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé sí i, ẹni tí a óò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í dàwátì. Ìwé ìtọrọ náà, pẹ̀lú àlàyé iṣẹ́ àti ìṣirò ìnáwó, ni wọn yóò wá gbé síwájú ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ olùtọrọ, tí púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ olùkọ́ àti olùwádìí ní yunifásítì mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ọ̀rẹ́ tàbí ibi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, olúwarẹ̀ a dìde jáde kúrò nínú iyàrá títí wọn yóò fi sọ ọ́ tán. Máàkì 1 dé 9 ni wọ́n ń fún iṣẹ́, èyí tí yóò sì pa àwọn tíṣà wa lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó gba 1 ló gbégbá orókè, ẹni tó gba 9 ló fìdí rẹmi. Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ kejì, tí àwọn ará ìlú tí kì í ṣe onímọ̀ náà ní àga nínú rẹ̀, yóò tún un yẹ̀ wò, kí ọ̀gá ẹ̀ka tó fọwọ́ sí i. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ojú ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ kan náà ló lè dá ojúlówó ìbéèrè mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ìwé, nínú ìwé ìtọrọ márùn-ún sì rèé, nǹkan bí ẹyọ kan péré ló rí owó gbà ní 2023.

N kò wí pé ètò náà kò lábàwọ́n. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ fúnra wọn ń kùn pé ìgbìmọ̀ a máa bẹ̀rù èrò tó bá ṣàjèjì, a sì máa fara mọ́ orúkọ tó ti lókìkí, tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ olùwádìí ń lé ní ẹni ogójì ọdún kí wọ́n tó gba gírántì ńlá wọn àkọ́kọ́. Síbẹ̀, bí mo bá fi wé ìlú tí ó jẹ́ pé ẹni tó mọ mínísítà ló ń rí owó gbà, ìgbìmọ̀ ojo yìí ni n óò mú.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí owó náà ń ṣe, ìdánwò oògùn lára ènìyàn ni ó gba ìfarabalẹ̀ jù. Yorùbá ní a kì í fi ara ẹni ṣoògùn alọ́kúnrùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan ní láti kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara wọn kí oògùn tuntun tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba Amẹ́ríkà kan náà ló hu ìwà tí ayé fi gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1932 di 1972, ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn dókítà iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ń ṣọ́ nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, tí púpọ̀ nínú wọn ní àrùn sífílíìsì, láìsọ òtítọ́ àìsàn náà fún wọn. Nígbà tí pẹnisílíìnì sì dé, tí ó ń wo àrùn náà sàn, wọ́n fi dù wọ́n. Nígbà tí àṣírí tú, òfin ọdún 1974 tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, owó ìjọba kò gbọdọ̀ kan ara ènìyàn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan ti yẹ ètò iṣẹ́ náà wò, kí ẹni tí wọn yóò lo oògùn fún sì ti gbọ́ ewu àti àǹfààní rẹ̀ ní èdè tó yé e, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì mọ̀ pé òun lè yọwọ́ nígbàkigbà. Láti ọdún 2000 ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbangba ti wà fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí àbájáde rẹ̀ kò bá dùn mọ́ nínú má baà rì í mọ́lẹ̀.

Owó NIH yìí ti dé àárín wa. Ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àìsàn ìgbàgbé ti ogbó ń mú àwọn ti Indianapolis lọ́dọọdún ju ìlọ́po méjì ti Ìdíkàn lọ. Ní Kánò àti Kàdúná pẹ̀lú, owó NIH ni wọ́n fi dán ìwọ̀n oògùn méjì wò lára ọmọ 220 tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, láti mọ èyí tí yóò dènà rọpárọsẹ̀. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó pọ̀ jù ú lọ, ìròyìn ayọ̀ sì nìyẹn fún ìyá tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé òun kò ní fọwọ́ sí owó tuntun tí wọ́n bá fẹ́ pín lára rẹ̀ fún ilé ìwádìí òkèèrè, títí òun yóò fi gbé ètò mìíràn kalẹ̀. N kò bá wọn wí, owó orí àwọn ará ìlú wọn ni. Àwa náà ní ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, àdúgbò tí àwọn onímọ̀ tí àjọ aláàánú Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà rán wá ti jagun ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní àwọn ọdún 1920, tí àrùn náà sì pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó ní 1927; a sì ní TETFund, àjọ ìjọba tí ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí owó rẹ̀ ń wá láti ara èrè àwọn iléeṣẹ́. Fòníkú-fọ̀ladìde kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè kankan tó ti Nàìjíríà. Mo rọ àwọn aṣòfin wa, nígbà tí wọ́n bá tún jókòó ti ìṣirò owó ọdún, kí wọ́n ya iye kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwádìí àrùn yìí, kí wọ́n sì fi pípín rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn onímọ̀, kì í ṣe sọ́wọ́ ara wọn.