Bọ́ọ̀lù Gbé Wa Dé Kumasi: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Lọ

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, 25 oṣù Kẹta ọdún 2022, Super Eagles Nàìjíríà àti Black Stars Gánà pàdé ní pápá ìṣeré Baba Yara ní Kumasi. Ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Qatar ni wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ẹnikẹ́ni kò jẹ góòlù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tún pàdé ní Àbújá, wọ́n ta ọ̀mì 1-1. Góòlù tí Gánà jẹ ní ilé onílé ló gbé wọn lọ sí Qatar. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè tán báyìí, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tiwa ya wọ inú pápá, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́.

Bí ẹ bá ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ lọ wo bọ́ọ̀lù ní ìlú onílùú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ jókòó sáàrin èrò ẹgbẹ́ kejì, sùúrù onílé ló fi ṣe ààbò. Kumasi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá àdúgbò Moshie Zongo, torí pé orúkọ àdúgbò náà gan-an, ọ̀rọ̀ àlejò ni.

Àwa náà wà lára àwọn àlejò

Ọ̀rọ̀ Hausa ni Zongo. Zango ni ibi tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè sinmi. Ní Gánà, ó di orúkọ àdúgbò tí àwọn àlejò tẹ̀dó sí. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé: Sábó là ń pè é ní Ìbàdàn àti Ṣàgámù. Moshie ní tirẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Mossi, àwọn tí orírun wọn wà ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Burkina Faso lónìí.

Ṣùgbọ́n tí a bá dé Kumasi, àwa la di ará Zongo. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n sì ní olórí tiwọn láàrin àwọn olórí Zongo ní Kumasi. Alata ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ "alata samina" lọ́jà, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sọ: ọṣẹ àwọn Alata.

Àlejò yìí kò fi gbogbo ìgbà dùn. Ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Gánà tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ibẹ̀ la sì ti rí orúkọ báàgì Ghana Must Go. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Asante Kotoko ti Kumasi na Al Ahly ti Íjíbítì 1-0 nílé, wọ́n sì gba ife àwọn akọni Áfíríkà fún ìgbà kejì, lẹ́yìn ti 1970. Ẹ ro irú ayọ̀ tí èyí máa jẹ́ fún ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó kó ẹrù délé.

Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ kí ẹ tó gbéra. Ẹ lè fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù bá ará Gánà ṣe àwàdà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lílé ni kúrò nílùú kì í ṣe orin tí à ń kọ ní pápá ìṣeré. Ó dun ilé méjèèjì.

Ọ̀nà àti ìwé

Orúkọ pápá ìṣeré náà fúnra rẹ̀ tó ìkìlọ̀. Baba Yara gbá bọ́ọ̀lù fún Kotoko àti Black Stars. Ní 1963, ọkọ̀ tó gbé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjàǹbá lójú ọ̀nà, kò sì lè rìn mọ́ títí tó fi kú ní 1969. Nítorí náà, ẹ má rin òru. Láti Èkó, ẹ ó kọjá ní Sèmè, Hilla-Condji àti Aflao kí ẹ tó dé Accra. Láti Accra sí Kumasi sì tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Ẹ gbéra ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìdíje, kí ẹ sì sùn lójú ọ̀nà.

Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gbà wá láàyè láti wọ Gánà láìgba físà, ká sì lò tó 90 ọjọ́. Èyí kò ní ká má mú ìwé dání. Ẹ mú ìwé ìrìnnà fún olúkúlùkù, tọmọdé tàgbà. Ẹ mú yẹ́lò káàdì náà dání: kì í ṣe ti rẹfirí, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Tí bàbá tàbí ìyá nìkan bá ń kó ọmọ lọ, kí ẹnì kejì kọ lẹ́tà ìfọwọ́sí fún un. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Gánà fi wákàtí kan kẹ́yìn wa: tí wọ́n bá ní aago méje ní Kumasi, aago mẹ́jọ ti lù nílé.

Tí ẹ bá dé Zongo

Ẹni tó gbọ́ Hausa kò ní sọnù ní Moshie Zongo. Twi ni èdè ìlú: "akwaaba" ni ẹ káàbọ̀, "medaase" ni ẹ ṣé. Ọ̀pọ̀ ará Zongo ló jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí náà ẹ má fi fèrè àti ariwo di wọ́n lọ́wọ́ nígbà ìrun Jímọ́ọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ òsì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa nílé. Láàárọ̀, ẹ ó rí kooko àti koose, ìyẹn ògì àti àkàrà. Waakye ni ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ yóò rí nǹkan jẹ.

Kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Manhyia ní ààfin Asantehene. Ní 2024, wọ́n pàtẹ àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún síbẹ̀. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ló yá wọn.

Nínú èrò

Pápá Baba Yara gba nǹkan bí 40,000 ènìyàn, èrò bẹ́ẹ̀ sì gba ọgbọ́n. Ní 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, Hearts of Oak àti Kotoko gbá bọ́ọ̀lù ní Accra. Inú bí àwọn èrò, wọ́n ń ju ìjókòó. Ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn. Àwọn ènìyàn sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá géètì ní títì. Ó lé ní 120 ènìyàn tó kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n pa olólùfẹ́ Kotoko kan tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Nsoatre, wọ́n sì dá ìdíje líìgì dúró.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ó yẹ kí òbí mọ ohun tó máa ṣe ni. Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ọ̀nà àbájáde méjì, ẹ sì fi han àwọn ọmọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ kékeré. Ẹ yan ibi tí ẹ ó ti pàdé ní ìta bí ẹ bá pínyà. Tí ẹ bá rí i pé nǹkan fẹ́ dàrú, ẹ má dúró wo góòlù ìkẹyìn. Tí èrò bá fún yín mọ́ àárín, ẹ gbé apá méjèèjì síwájú àyà kí ẹ lè mí, ẹ rọra máa gbá ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹ má sì tẹ̀ríba mú ohunkóhun tó bá jábọ́.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdílé kan láti Moshie Zongo yóò wọ aṣọ Black Stars wá sí pápá ìṣeré nílùú tiwa, wọn yóò sì gbé ọmọ dání. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ yín ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n sì nà wá lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọ̀nà àbájáde hàn wọ́n.